"Wretched" Kì í Ṣe Olóṣì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní 1961 ni ìwé Frantz Fanon, Les Damnés de la terre, jáde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, The Wretched of the Earth ni wọ́n ń pè é. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi níwèé ní Kétu, nítorí náà "damné" yé mi: ẹni tí a ti dá lẹ́bi ni. "Wretched" ni kò yé mi. Mo ṣí atúmọ̀ èdè, mo bá "misérable" níbẹ̀, mo bá yí i sí Yorùbá kíá: olóṣì.

Àṣìṣe ńlá. Ẹ pe ènìyàn ní olóṣì lọ́jà Kétu, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀! Òtòṣì la fi ń ṣàánú ẹni, olóṣì la fi ń bú ni, bẹ́ẹ̀ inú òṣì kan náà ni méjèèjì ti wá. Gẹ̀ẹ́sì kó àánú àti èébú sínú ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo: "wretched" ni opó tí kò rí oúnjẹ jẹ, "wretched" náà ni alùpùpù tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wrecca ni ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ tó bá a tan ní Jámánì ni Recke, akọni ló sì túmọ̀ sí. Ẹ ò rí nǹkan!) Ọmọ Kétu mọ ìyẹn láìṣí ìwé. Ní 1886 Dàhòmì fọ́ ìlú wa, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wá tún ìlú ṣe.

Kí ni ká wá pe ìwé Fanon? Àwọn kan nínú wa ní "Àwọn Tí Ìyà Ń Jẹ Láyé". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo gírámà rẹ̀: ìyà ni olùwà, èèyàn ni àbọ̀, a kò rí ẹni tó ṣe é. Àfi bí ẹni pé òjò ló pa wọ́n. Fanon, dókítà àrùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Blida, ní Algeria, nígbà ìjọba Faransé, mọ ẹni tó ń fìyà jẹni. "Àwọn Tí Wọ́n Fi Ìyà Jẹ Láyé" ni mo fara mọ́. "Wọ́n" yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń nàka sí ẹnìkan. Ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi náà ni wọ́n ń fìyà jẹ, nítorí náà "damné" kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí.