Oúnjẹ Ló Ṣáájú Oògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti gbọ́, síbẹ̀ irú ènìyàn méjì ni ó ń ṣì í lò. Ẹni kìíní gbà pé bí ikùn bá ṣáà ti kún, ara ti jẹun. Ẹni kejì gbà pé ibi tí oúnjẹ bá kù sí, oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò yóò dí i. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà.

Iṣẹ́ oúnjẹ kò jẹ́ bákan náà nínú ara. Iṣu, ẹ̀bà, àmàlà àti ẹ̀kọ ń fún ni lókun. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ń mú ọmọ dàgbà, wọ́n sì ń tún ara tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀fọ́ àti èso ń pèsè àwọn èròjà kéékèèké tí à ń pè ní fítámì. Epo pupa pàápàá ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran ní àṣálẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹyọ kan nínú wọn ní àjẹyó ṣì lè ṣe aláìní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn a wú, awọ ara wọn a máa bó. Àwọn ọmọ náà kò ṣàìjẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbàdo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Ga ń pe àrùn náà hàn fún ayé: kwashiorkor, àrùn tí í mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. A ti já a lẹ́nu ọmú, kò sì rí ohun gidi tí yóò rọ́pò ọmú. Ìyá tí ń fi ògì nìkan bọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí.

Kì í ṣe pé oògùn afúnnilókun jẹ́ asán. Ní ilé ìwòsàn, a máa ń fún aláboyún ní oògùn tí ó ní èròjà irin àti folic acid. Ní Nàìjíríà, a máa ń kán fítámì A sẹ́nu ọmọ oṣù 6 títí di ọdún 5, a sì ń fi iodine sínú iyọ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ ní ọrùn. Nínú gbogbo èyí, a mọ ohun tí ó kù, a wọn ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tí ó mọṣẹ́ sì ń bójú tó o. Oògùn tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà nínú ọkọ̀ èrò kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fítámì A àpọ̀jù lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ṣe oyún inú ní jàǹbá. Hóró oògùn onírin tí ọmọdé bá gbé mì bí súìtì lè pa á. Ẹni tí ibà tàbí aràn ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí ó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ láìwo àrùn náà, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi.

Àwọn kan yóò ní ọ̀wọ́n oúnjẹ ni ó lé àwọn dé ìdí ìgò. Lóòótọ́, ẹran kò rọrùn láti rà. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ìgò? Kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ẹ̀wà àti edé. Tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewédú kò béèrè ju ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe owó ni kò sí: baba ni ó ń jẹ ẹran, a sì ń fi ẹyin du ọmọ nítorí ìgbàgbọ́ pé yóò sọ ọ́ di olè. Ọmọ tí ń dàgbà gan-an ni ó nílò rẹ̀ jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí, kí ó bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Oògùn lè ran oúnjẹ lọ́wọ́. Kò lè jókòó sí ipò rẹ̀.