Ẹ̀rọ Tuntun, Ìwé Àtijọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kò sí awakọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí yóò gbà kí wọ́n yí bíréèkì rẹ̀ padà láìsọ fún un. Ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn awakọ̀ òfuurufú Boeing 737 MAX nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun ń ti imú ọkọ̀ náà wálẹ̀. Ìwé ìlò wọn kò ṣàlàyé rẹ̀. Ènìyàn 189 kú ní Indonesia ní 2018. Ní 2019, 157 tún kú ní Ethiopia. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, wà lára wọn. Àwọn kan sì tún ń dá awakọ̀ lẹ́bi!

Ètò bẹ́ẹ̀ ti wọ mọ́tò àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. A kò kọ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí i padà, kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ kọ, kí wọ́n sì là á yé wa ní Yorùbá. Ẹni tí kò bá rí ìwé tuntun, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.