Ẹ Má Bo Rọpárọsẹ̀ Mọ́lẹ̀ fún Dókítà

Bí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn bá ń dí, dókítà a máa fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn rere ni. Ṣùgbọ́n bí rọpárọsẹ̀ bá ti ṣe ẹni náà rí, àwọn kan nínú wọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ rẹ̀.

Ní 2007, èsì ìwádìí jáde lórí oògùn kan tí ń jẹ́ prasugrel. Aláìsàn ọkàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 13,000. Ó dín ìkọlù ọkàn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewu ni fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fún irú wọn.

Báwo ni dókítà yóò ṣe mọ̀ bí a kò bá sọ? Bí ọwọ́ bàbá bá rọ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ó sì san kí ilẹ̀ tó ṣú, a óò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta, kí ọ̀tá má baà yọ̀. Èyí kò dára rárá. Dókítà a máa ka ìyẹn náà mọ́ rọpárọsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì lo ti aládùúgbò. Ìtìjú kì í wo àìsàn sàn.