Ìlù Kan Kò Lè Bá Wa Parí Ìjà Yìí

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní fíìmù Ṣaworoidẹ kò dára, irọ́ ló ń pa. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání ló gbé e jáde ní 1999. Lápité kọ̀, kò ṣe ìmùlẹ̀ tó yẹ kí ọba Jogbo ṣe, nítorí kó lè ráyè kó owó jẹ. Àwọn agégẹdú ń gé igbó run, àwọn ìjòyè ń pín owó. Àwọn ọ̀dọ́ dìde. Nígbẹ̀yìn, Lágàta, ọmọ ogun, gba ìjọba fún ara rẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí?

Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni mo bá jà. Wọ́n lu ṣaworoidẹ, orí fọ́ Lágàta lábẹ́ adé idẹ, ó kú, ó tán. Ìjà tí odindi ìlú bẹ̀rẹ̀, ìlù ló bá wọn parí rẹ̀. Nínú Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 2002, ìbúra ni wọ́n tún fi yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè ọ̀bàyéjẹ́.

Ẹlòmíràn á ní àrokò ni, pé ohùn aráàlú ni ìlù náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ onílù kan ló ń lù ú, tí gbogbo ìlú ń wòran?

A ti rí irú ìparí yẹn rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1998, Abacha kú lójijì, àwọn èèyàn jó ní ìgboro Èkó. Ṣùgbọ́n ikú ẹnì kan kò tún títì Àpápá ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni tánkà àti tírélà fi dí ọ̀nà pa, títí di 2021 tí wọ́n gbé ètò ìpè-wọlé orí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún wọn.

Ní 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti 2011 ni òfin sì ti fún wa láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, mélòó nínú wa ló ti kọ lẹ́tà sí káńsù Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn pé èló ni wọ́n ná sórí gọ́tà? Àwa onígbàgbọ́ gan-an ńkọ́? Ní ìṣọ́ òru, à ń pariwo kí ọ̀tá kú. Ilẹ̀ mọ́, a kò yọjú sí káńsù.

Ìparí tó yẹ Jogbo nìyí: kí wọ́n pe àwọn ìjòyè sí àárín ọjà, kí wọ́n ka ìṣirò owó gẹdú lójú gbogbo ènìyàn. Ìyẹn kò gba ìlù. Ó gba pé kí a jáde.