Wòlíì Kọ́ Ni Yóò Yan Iṣẹ́ Fún Ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èrò fi ń rọ́ wá láti South Africa, Zimbabwe, Ghana àti òkè òkun sí Ìkòtún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí Wòlíì T.B. Joshua yóò sọ nípa ọjọ́ iwájú wọn. Joshua papòdà ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìjọ kan ṣoṣo. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ṣì ń bi àwọn aríran léèrè pé: "Kí ni Ọlọ́run ní kí n wá ṣe láyé?" Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí wọ́n ń bi ni kò tọ́.

Àwọn tó fara mọ́ àṣà yìí a máa tọ́ka sí John Atta Mills, ààrẹ Ghana, tó wá dúpẹ́ ní Ìkòtún ní ọdún 2009 pé àsọtẹ́lẹ̀ nípa ìbò òun ṣẹ. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Mills ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ghana, ó ti ṣe igbákejì ààrẹ, ó sì ti díje ní ọdún 2000 àti 2004, tí ó fìdí rẹmi nígbà méjèèjì, kí ó tó wọlé ní ìgbà kẹta. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá tilẹ̀ wà, ojú ọ̀nà ni ó ti bá a pàdé. Kò sí àsọtẹ́lẹ̀ tó lè bá ẹni tó jókòó sílé díje.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba ńlá wa pàápàá a máa ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun, kí wọ́n lè mọ ohun tó gbé bọ̀ láti ọ̀run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí babaláwo bá kó Ifá rẹ̀ nílẹ̀ tán, ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣì ní láti tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ọmọ aláró ṣì ní láti ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Àkúnlẹ̀yàn ni wọ́n pe ìpín ẹ̀dá: ẹni tó kúnlẹ̀ ni ó yàn. Wọ́n sì gbà pé orí kò lè dé ibi tó ń lọ láìsí ẹsẹ̀.

Ìpalára tí àṣà yìí ń ṣe kò fara sin. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀, wọn á ní ìràwọ̀ rẹ̀ kò sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Á pa ẹ̀rọ tì, á máa retí ògo mìíràn. Ọdún á yí po, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba fíríìdọ̀mù. Òun á ṣì wà lórí òkè àdúrà. Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ibi àdúrà kan náà, obìnrin tó ń din àkàrà mọ epo tó dára, ó mọ oníbàárà tó fẹ́ ata, ó sì ń fi èrè rẹ̀ rán ọmọ níléèwé. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Iṣẹ́ tí a dá mọ́ ènìyàn a máa fara hàn fún ẹni tó bá dán an wò: èyí tó ń rẹni tí a kò fẹ́ fi sílẹ̀, èyí tí àwọn aládùúgbò ń tìtorí rẹ̀ kanlẹ̀kùn ẹni. Ẹni tí kò tíì di òòlù mú rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá káfíńtà ni òun?

Kò sí ẹni tó ní kí ọ̀dọ́ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ojúṣe àwọn àgbà ju ìran rírí lọ. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, èyí tó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí ní Èkó. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kò lè wọ́n níbẹ̀. Kí àwọn ìjọ pe àwọn ọ̀gá tó wà láàárín wọn síwájú lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n fa ọ̀dọ́ lé wọn lọ́wọ́. Kí káńsù ran òbí tí kò ní lọ́wọ́ láti san owó ìkọ́ṣẹ́ àti láti ra irinṣẹ́. Wòlíì tó bá sì fẹ́ràn ọ̀dọ́ ní tòótọ́, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè kí ó tó gbọ́wọ́ lé e lórí: "Kí ni o ti ń fi ọwọ́ rẹ ṣe?"