Fọ́tò Alága Kọ́ Làwọn Olówó Àánú Ń Wá O!

Bí èèyàn bá ṣí ìkànnì ayélujára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó wà l'Ékòó, fọ́tò alága ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Alága wọ agbádá, alága ń bọ gómìnà lọ́wọ́, ìyàwó alága ń gé kéèkì. Ẹ ó wá a títí kẹ́ ẹ tó rí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n rán lọ sílé ìwé. Níbi tí wọ́n kọ "Ìròyìn Tuntun" sí, ti ọdún 2019 ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn yìí kan náà ló sì ń pariwo kiri pé òyìnbó ò fún àwọn lówó mọ́, pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ àánú. Ta ló fẹ́ kówó lé wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń dunni ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè. Wọ́n ń ra ìwé fọ́mọ ọlọ́mọ, wọ́n ń sanwó oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí London tàbí Àbújá kò mọ̀ wọ́n rí, ojú ìkànnì yẹn nìkan ló fi ń wò wọ́n. Oníjìbìtì sì ti pọ̀ nígboro débi pé tó bá rí i pé orúkọ alága ló wà lórí akáǹtì tí wọ́n ní kóun sanwó sí, kíá ló máa pa fóònù ẹ̀ dé.

Ẹ wo Scott Harrison, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ pé kó máa kó èrò wá sílé ijó alẹ́ ní New York niṣẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2006, ó ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 31, ó ní kí ẹni tó bá wá san 20 dọ́là. Owó ọ̀hún di 15,000 dọ́là, wọ́n sì fi gbẹ́ kànga ní àgọ́ àwọn tógun lé kúrò nílé ní Uganda. Ṣó wá dákẹ́ ni? Rárá o. Fọ́tò àwọn kànga náà ló fi ránṣẹ́ sáwọn tó dáwó. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ charity: water ti bẹ̀rẹ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń fi fọ́tò kànga àti ibi tó wà gan-an lórí máàpù han ẹni tó fowó sílẹ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kì í tinú owó tí gbogbo ayé dá jáde, àwọn olówó kan wà lọ́tọ̀ tó ń san ìyẹn.

Kí ló ṣàjèjì níbẹ̀? Níbi ìnáwó Yorùbá, ṣebí ẹnì kan máa ń jókòó ti ìwé, tó ń kọ orúkọ ẹni tó mówó wá àti iye tó mú wá. Ìwé yẹn ló yẹ kí ìkànnì jẹ́.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tún tiẹ̀ ṣe, kó gbé alága lọ sẹ́yìn ná. Ọmọ mélòó? Àdúgbò wo? Eélòó ló wọlé lọ́dún tó kọjá, eélòó ló jáde? Kó kọ nọ́ńbà tí CAC fún un síbẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè yẹ orúkọ ẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn lórí ayélujára. Kí alága fi fóònù tara ẹ̀ san ₦1,000 wò, kó mọ̀ bóyá owó ń wọlé lóòótọ́. Fọ́tò àwọn ọmọ tí ikun ń jáde nímú wọn yẹn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 ò fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré, àṣẹ òbí ni kẹ́ ẹ gbà.

Fáwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, "Ẹ darapọ̀ mọ́ wa" nìkan ò tó. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárọ̀ kùtù fẹ́ mọ̀: Sátidé wo? Aago mélòó? Ṣé ìṣirò lòun máa kọ́ wọn ni àbí àga lòun máa gbé? Ta ló máa sanwó ọkọ̀?

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ síta. Ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe ìkànnì ọ̀hún ti jápa lọ sí Kánádà, òun nìkan ni pásíwọ̀ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Owó wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san lórí orúkọ ìkànnì. Tí wọn ò bá san án, ẹlòmíì lè rà á. Ẹni tó wá ilé ọmọ aláìlóbìí débẹ̀, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló lè bá.