Ẹ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá láàyè: ẹ̀kọ́ tí Remo Stars kọ́ wa

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti ìlú Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, fi 1-0 na Niger Tornadoes nílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù kí líìgì parí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè bá wọn mọ́. Bí ife-ẹ̀yẹ líìgì àgbà Nàìjíríà ṣe wọ Ìkẹ́nnẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á, ọdún 25 gbáko ni ife náà fi yẹra fún gbogbo ikọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, títí kan Shooting Stars Ìbàdàn tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ẹnì kan ní Ìdáàṣà lè béèrè pé kí ló kan àwa níbẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí Guépards wa ti na Nàìjíríà ní 2-1 ní Abidjan, àwa la máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá pàdé wọn lọ́jà. Yẹ̀yẹ́ náà dùn, mi ò ní ká má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan ìlú kékeré bíi tiwa, ó sì kan ọwọ́ tí a fi ń mú àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: ìlú tí kò bá fún akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní ọdún tó pọ̀ tó, kò ní í ní eré kankan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ikọ̀ tí à ń sọ. Ọdún 2004 ni Kunle Soname dá a sílẹ̀. FC Dender ni wọ́n ń pè é nígbà náà, kó tó di Remo Stars ní 2010. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Remo Stars kọ́kọ́ dé líìgì àgbà, wọn ò pẹ́ níbẹ̀, wọ́n já bọ́ ní 2017. Wọ́n tún gòkè, wọ́n tún já bọ́ ní 2019. Ọdún 2021 ni wọ́n tó pa dà wá, láti ìgbà náà ni nǹkan sì ti yí padà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìyípadà náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, Daniel Ògúnmọ́dẹdé.

Kí ló yí padà? Ẹ wo bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ pápá, ní Nàìjíríà àti lọ́dọ̀ wa níbí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ aṣọ́lé, ariwo kan náà ni òǹwòran máa ń pa: “Gbá a lọ!” Bọ́ọ̀lù á fò lọ sókè, àwọn géńdé tó wà níwájú á máa fi orí jà sí i. Bó bá bọ́ sí wa lẹ́sẹ̀, a dúpẹ́. Bó bá bọ́ sí ẹlòmíì lẹ́sẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá pa dà sẹ́yìn. Lábẹ́ Ògúnmọ́dẹdé, Remo Stars kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ́lé á rọra fi bọ́ọ̀lù fún ẹni tó sún mọ́ ọn, ìyẹn á fi fún ẹni àárín, wọ́n á máa fi fún ara wọn nílẹ̀ títí wọ́n á fi rí àyè.

Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ mú adìẹ tó wọ abẹ́ àká kì í ki orí bọ abẹ́ àká. Àgbàdo ló máa ń dà sílẹ̀ níta, adìẹ á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé ń rọra fún ẹni ẹ̀yìn ni àgbàdo yẹn. Àwọn alátakò á rò pé àwọn lè já a gbà, wọ́n á sáré wá síwájú, ẹ̀yìn wọn á sì ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Kì í ṣe ìjókòó lórí bọ́ọ̀lù fún ẹwà lásán, ọ̀nà àtidé ojú àwọ̀n ni.

Ṣùgbọ́n irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń náni ní góòlù kó tó mú góòlù wá. Aṣọ́lé tí kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa á fi bọ́ọ̀lù lé alátakò lọ́wọ́, wọ́n á sì gbá a wọlé. Òǹwòran á bú u, wọ́n á bú akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé yìí ni kí a fojú sí. Kayode Bankole tó ń ṣọ́lé fún Remo Stars nígbà náà wà lára àwọn tí wọ́n pè sí ikọ̀ àgbà Nàìjíríà ní 2025, bẹ́ẹ̀ ilé ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe Yúróòpù. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ṣèèṣì ni wọ́n lé e lọ, ta ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ tún wo bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ọdún. Ní 2023, nínú ìdíje ikọ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi parí líìgì ní Èkó, iye àmì kan náà ni Enyimba àti Remo Stars ní, ìyàtọ̀ góòlù ni Enyimba fi gba ife. Ní 2024, Remo Stars tún ṣe ipò kejì, Rangers ti Enugu ló gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra ni wọ́n débi ilẹ̀kùn tí wọn ò wọlé. Ẹ bi ara yín pé ká ní ìlú wa ni, kí la ò bá ṣe? Àwọn kan á ní orí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ò dára. Àwọn kan á ní ẹnì kan ló fi nǹkan dè wá. A ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó mú ẹlòmíì wá, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ìkẹ́nnẹ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọdún kẹta ni ilẹ̀kùn ṣí.

Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fúnra wọn ti ṣe òdìkejì èyí rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tó ku nǹkan bí oṣù kan kí ife Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé Gernot Rohr tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti 2016. Wọn ò kọjá ipele ikọ̀ 16 nínú ìdíje náà, wọn ò sì dé ife àgbáyé ti ọdún 2022. Gernot Rohr kan náà ni Benin gbà síṣẹ́ ní 2023, òun ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Abidjan lọ́jọ́ tí a na Nàìjíríà. Ohun tí ẹnì kan jù nù, ẹlòmíì ló fi jẹun.

Bí ẹnì kan bá ní Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Norway. Ìlú kan wà ní àríwá wọn lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Bodø, àwọn èèyàn ibẹ̀ tó nǹkan bí 50,000. Ìkànìyàn ọdún 2013 sọ pé àwa tí a wà ní kọ́múùnù Dassa-Zoumè lé ní 112,000, nítorí náà a ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Ní 2018, Kjetil Knutsen di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bodø/Glimt. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ipò 11 ni wọ́n ṣe. Wọn ò lé e. Ọdún kejì, wọ́n ṣe ipò kejì. Ní 2020, wọ́n gba líìgì Norway fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ikọ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọ́n fi 6-1 na Roma ti Ítálì. Kíkéré ìlú kọ́ ló ń dá ikọ̀ dúró.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní owó ni. Òótọ́ ni pé Soname lówó, pé Remo Stars ní pápá tiwọn, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Beyond Limits tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gòkè wá sínú ikọ̀ àgbà. Ẹni tó bá ní owó kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ kò sòótọ́. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Àwọn ikọ̀ kan wà ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ná, tí wọ́n ń pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, tí wọn ò sì rí ife kankan gbà. Ẹ̀yin oníṣòwò wa mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń ta ata lóṣù yìí, tó ń ta bàtà lóṣù tó ń bọ̀, owó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í ní oníbàárà.

Àwọn mìíràn á rán mi létí oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nínú ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, Mamelodi Sundowns ti South Africa wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi 5-1 na Remo Stars. Ní South Africa, wọ́n tún nà wọ́n ní 2-0. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7-1. Ṣé eré tí à ń yìn nìyẹn? Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Sundowns ti gba líìgì South Africa lẹ́ẹ̀mẹjọ tẹ̀ léra títí di 2025. Eré ilẹ̀ kan náà ni àwọn náà ń gbá, ó ti pẹ́ lára wọn, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn sì wọ́n ju ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọgbọ́n kejì lápò: bí alátakò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìgbà kan wà tí ó yẹ kí aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ṣùgbọ́n ká torí ọjọ́ kan pa dà sí gbígbá a sókè lójoojúmọ́, ìyẹn ò bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí òjò pa lọ́nà oko kì í torí ẹ̀ má dá oko mọ́.

Ní ẹkùn òkè wa níbí, bọ́ọ̀lù ìsinmi ilé-ìwé máa ń kún fún ariwo. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé tàbí ọ̀dọ́kùnrin oníṣẹ́ ọwọ́, kò gba owó oṣù, owó àpò ara rẹ̀ ló fi ń ra bọ́ọ̀lù. Bó bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì, ìpàdé á dìde lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 12 tó mọ bọ́ọ̀lù í fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a nù kó tó pé ọdún 15, nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ̀bùn ọmọ náà ló ń ṣòfò.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin aṣáájú ọ̀dọ́ fún. Àkọ́kọ́, ẹ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ bá yàn ní ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un lójú gbogbo èèyàn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èkejì, ẹ tún pápá ṣe. Bọ́ọ̀lù kì í yí nílẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n jù lọ kò lè fi pápá olókùúta kọ́ ọmọ ní eré ilẹ̀. Ọjọ́ kan péré tí àwọn ọ̀dọ́ bá kó ọkọ́ àti ọ̀pá ìgbálẹ̀ jáde ti lè yí i padà. Ẹ̀kẹta, bí aṣọ́lé bá ṣèèṣì, ẹ má ṣe bú u. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.

Gbogbo wa la mọ igi kajú ní ẹkùn yìí. Ẹni tó bá gbìn ín lónìí mọ̀ pé ó kéré tán, ọdún mẹ́ta lòun máa dúró kóun tó rí èso kankan mú. Kò sẹ́ni tó ń fà á tu lọ́dún kejì pé kò so. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù rí irú sùúrù yẹn gbà lọ́wọ́ wa.